BÍBÁ ÀJÈJÌ SỌ̀RỌ̀: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN TÍ Ń ṢÒWÒ

Ẹ̀kọ́ tí a gbé kalẹ̀ ní oṣù yìí wà fún àwọn tí ń tajà, fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ tí irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìtọ́jú yín. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí ènìyàn ṣe lè bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀, tí yóò sì jẹ́ èrè fún àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka èyí sí ohun kékeré. Òwò púpọ̀ ni ó ti kú, kì í ṣe nítorí pé ọjà kò dára, kì í sì í ṣe nítorí pé owó kò sí lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, bí kò ṣe pé ẹni tí ó ni òwò náà kò lè la ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni àfi ará ilé rẹ̀.

I. ÌDÍ TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ FI YẸ WÁ

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan tí ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún mẹ́ta ni ó fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó mọ aṣọ í gé, ó mọ ẹ̀rọ í lò, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ní ọjọ́ tí ó gba òmìnira, tẹbí-tará péjọ, wọ́n ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù fún un ní ẹ̀bá títì. Ní oṣù kìíní ìyá rẹ̀ mú aṣọ wá. Ní oṣù kejì àbúrò ìyá rẹ̀ mú tirẹ̀ wá. Ní oṣù kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mú aṣọ ẹbí wá. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń wọlé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń kọjá níwájú rẹ̀ lóòjọ́. Òun sì jókòó, ó tẹ orí ba, ó ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí ti rán aṣọ tiwọn tán. Àwọn tí kò ì tíì rán tiwọn ni àwọn tí òun kò mọ̀, àwọn wọ̀nyí gan-an ni òun kò sì lè kí.

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹbí kọ́kọ́ ran ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òwò tí ó dúró sọ́dọ̀ ẹbí kò lè tóbi ju ẹbí lọ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn púpọ̀ kì í rò. Ẹbí kì í sábà sọ òótọ́ nípa àbùkù ọjà wa. Bí ọrùn aṣọ bá há, ìyá ẹni yóò wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì wí pé ó dára, nítorí kò fẹ́ ba ọmọ rẹ̀ lọ́kàn jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ wá ni yóò fi aṣọ náà sílẹ̀ lórí tábìlì, tí yóò wí pé ọrùn rẹ̀ há. Ọ̀rọ̀ yẹn lè dunni, ṣùgbọ́n òun ni yóò tún iṣẹ́ wa ṣe. Àwọn baba wa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í sì í wọlé tọ ẹni tí kì í bá ọlọ́gbọ́n sọ̀rọ̀.

II. OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́DỌ̀ ÀWỌN TÍ A KÒ MỌ̀ DÁADÁA

Ní ọdún 1973, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ tuntun ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Boston. Àwọn tí wọ́n gbọ́ nípa iṣẹ́ náà láti ẹnu ènìyàn ni ó bi léèrè pé, báwo ni ẹ ṣe máa ń rí ẹni náà sí ní àkókò tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí tó yín létí? Ìdá 16.7 péré nínú 100 ni ó wí pé àwọn máa ń rí ẹni náà léraléra. Ìdá 55.6 wí pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ń rí i. Ìdá 27.8 sì wí pé ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí àwọn tó fi ojú kan ara wọn.

Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ oṣù ni ìwádìí yìí dá lé, kì í ṣe ọjà títà. Síbẹ̀, ìdí rẹ̀ kan àwa oníṣòwò náà. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mi mọ̀, èmi náà ti mọ̀ ọ́n, nítorí odò kan náà ni àwa méjèèjì ti ń pọnmi. A jọ ń gbé àdúgbò kan, a jọ ń bá àwọn ènìyàn kan náà rìn. Ẹni tí mo bá pàdé nínú ọkọ̀ èrò, tàbí ní ibi tí a ti ń tò láti gba owó ní báǹkì, odò mìíràn ni ó ti ń pọn tirẹ̀. Ó mọ ọjà tí n kò ná rí. Ó mọ ilé ìwé tí ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó mọ ibi tí a ti ń rí òwú ní owó pọ́ọ́kú. Gbogbo èyí wà nínú rẹ̀ bí ó ti jókòó tì mí, yóò sì bá a lọ bí n kò bá sọ ohun kan.

III. ÌBẸ̀RÙ TÍ Ń DÍ WA LỌ́WỌ́

Bí èrè bá wà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kì í fi sọ̀rọ̀? Ìbẹ̀rù ni. Ẹnìkan ń bẹ̀rù pé a ó fi ojú tẹ́ńbẹ́lú òun. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé òun kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹlòmíràn sì ń bẹ̀rù pé a ó pe òun ní alágbe tàbí gbájúẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wádìí àwọn ìbẹ̀rù wọ̀nyí wò, bóyá òótọ́ ni wọ́n.

Ní ọdún 2014, Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ti Yunifásítì Chicago tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi iṣẹ́. Wọ́n bẹ àwọn kan pé kí wọ́n bá àjèjì tí ó jókòó tì wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ àwọn mìíràn pé kí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n sì ní kí àwọn ìyókù ṣe bí wọ́n ti í ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tí ìrìn-àjò parí, àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbádùn ọ̀nà wọn jù. Ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí a bi irú àwọn èrò ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ léèrè ṣáájú pé èwo ni yóò dùn jù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n mú. Èyí fi hàn pé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ sísọ korò. Àwa ni a rò ó sí kíkorò kí a tó tọ́ ọ wò.

Ní ọdún 2018, Erica Boothby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé, nígbà tí àwọn méjì tí wọn kò mọ ara wọn bá sọ̀rọ̀ tán, olúkúlùkù a máa rò pé ẹnìkejì kò fẹ́ràn òun tó bí ó ti fẹ́ràn òun ní tòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ tán tí ẹ lọ ń dá ara yín lẹ́bi ní ọ̀nà ilé pé, "Mo ti sọ ìsọkúsọ," ẹ mọ̀ báyìí pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkejì náà máa rò bẹ́ẹ̀ nípa ara tirẹ̀.

Ẹ̀rí kẹta ni ó kan ẹ̀kọ́ wa jù. Ní ọdún 2022, Gillian Sandstrom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa bá àjèjì sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹni ń ṣe eré ìdárayá. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìbẹ̀rù pé a ó kọ̀ wọ́n ń dínkù, ìgboyà wọn sì ń pọ̀ sí i. Ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan síwájú sí i lẹ́yìn tí eré náà parí. A rí i nígbà náà pé ìmọ̀ràn nìkan kì í lé ìbẹ̀rù yìí lọ. Ṣíṣe é léraléra ni oògùn rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wí pé, "A kò bí ọ̀rọ̀ mọ́ mi." A kò bí i mọ́ ẹnìkan. Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́mọkùnrin Onígbàgbọ́, tí gbogbo ayé mọ̀ sí YMCA, ni George Williams, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà aṣọ, dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1844. Nínú ilé ẹgbẹ́ yìí ní New York ni Dale Carnegie ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò bí a ti ń sọ̀rọ̀, ní ọdún 1912. Nínú ilé ẹgbẹ́ náà ní Santa Ana, ní California, ni Ralph Smedley ti pe ìpàdé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Toastmasters ní ọjọ́ 22, oṣù October, ọdún 1924, níbi tí olúkúlùkù ti ń dìde sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, tí àwọn ìyókù sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bùn àbímọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ sísọ, kò ní sí ìdí láti ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún un.

IV. ÀPẸẸRẸ MÉJÌ

Èkíní wà ní ilẹ̀ tiwa. Lẹ́yìn ogun Kírìjì, tí a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà fi ara fún òwò, títí tí òkìkí àwọn tí ń ta aṣọ láàrin wọn fi kàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Wọn a di ẹrù aṣọ, wọn a wọ ìlú àti abúlé tí wọn kò ní ẹbí kankan, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ni a ń pè ní Òṣómàáló, èyí tí í ṣe pé, "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi."

Nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ yìí, ẹ̀rín a máa pa wá, ojú wa a sì máa lọ sí ara lílóṣòó nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: kí a tó lóṣòó gba owó, a ti kọ́kọ́ ta aṣọ. Ẹni tí yóò gbé aṣọ fún àjèjì láwìn ní láti mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ìgbà tí owó ń wọlé fún un, àti ẹni tí ó lè dúró fún un. Kò sí ìwé tí a kọ gbogbo èyí sí. Ẹnu ni a fi ń béèrè rẹ̀, etí ni a sì fi ń gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n béèrè yóò pàdánù aṣọ, yóò sì pàdánù owó.

Èkejì ni ìtàn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, tí a bí ní ọdún 1867 ní Delta, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Sarah Breedlove ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ rí. Òun sì di aláìní baba àti ìyá nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Ó di opó ní ọmọ ogún ọdún, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn ní ìlú St. Louis. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpara irun tirẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ Madam C. J. Walker láti ọdún 1906, kò jókòó sí ojú kan. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, láti ìlú dé ìlú, ó ń fi bí a ti ń tọ́jú irun han àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí. Ní ọdún 1910 ó fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Indianapolis.

Ní ọdún 1912 ó lọ sí ìpàdé ńlá àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ní Chicago. Alága ìpàdé náà, Booker T. Washington, kò fún un ní àyè láti sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí ìpàdé ń parí lọ, ó dìde fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀: ibi tí ó ti wá, aṣọ tí ó ti fọ̀, àti ilé iṣẹ́ tí ó ti kọ́. Ní ọdún kejì, a pè é wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí pé ẹnu tí ó fi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà kì í ṣe ẹnu ọjọ́ kan. Ẹnu ọ̀nà àwọn àjèjì ni ó ti kọ́ ọ, ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Kí ó tó kú ní ọdún 1919, àwọn obìnrin tí ó kọ́ ní iṣẹ́ yìí ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pe ìpàdé tiwọn ní Philadelphia ní ọdún 1917.

V. BÍ A TI Í ṢE É

A lè pín ọ̀nà náà sí márùn-ún.

(1) Ìkíni. Nínú èyí, a fi èdè wa jù wá ní ohun ìní. Ẹni tí yóò kí ènìyàn ní Yorùbá ní láti kọ́kọ́ wo ohun tí onítọ̀hún ń ṣe: ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn. A kí onídìrí pé, "Ojú gbooro o." A kí aláró pé, "Àrẹdú o." A kí ẹni tí ó pa igbá ọjà pé, "Ajé á wọ igbá o." Ẹni tí ó kí ni báyìí ti fi hàn pé òun rí wa, òun sì mọyì iṣẹ́ wa. Ìlàjì ìbẹ̀rù ti lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

(2) Ìbéèrè. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà rẹ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀ràn ẹni tí ó wà níwájú rẹ. Kí o sì béèrè ohun tí ó ti ṣe rí, má ṣe béèrè ohun tí yóò ṣe lọ́la. Bí o bá bi àgbàlagbà kan pé, "Ṣé ẹ ó ra ọṣẹ mi bí mo bá ṣe é?" yóò dáhùn pé, "Èmi ó rà á, ọmọ mi. Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́." Ọ̀yàyà ni ó fi dá ọ lóhùn, kì í ṣe owó. Ẹ wo bí ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń ṣe ọṣẹ ti lè bá ìyá olóúnjẹ kan sọ̀rọ̀ ní ọjà:

"Ẹ kú ọjà o, màmá. Ajé á wọ igbá o."

"Àmín o, ọmọ mi. Kí ni kí n bù fún ọ?"

"Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, mà. Àwọn àwo yín mọ́ púpọ̀. Irú ọṣẹ wo ni ẹ fi ń fọ̀ wọ́n?"

"Ọṣẹ inú ọ̀rá yìí náà ni."

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó ń fọ àwo mọ́, ṣùgbọ́n ó ń bó mi lọ́wọ́. Wo àtẹ́lẹwọ́ mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí ni ẹ wá ṣe sí i?"

"Mo ra ìbọ̀wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Kò lo ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi ya."

Ọ̀dọ́bìnrin yìí kò ta ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun mẹ́ta: pé ọṣẹ tí a ń tà lọ́jà ń bó àwọn olóúnjẹ lọ́wọ́, pé ìyá náà ti ná owó lé ìṣòro yìí rí, àti pé ohun tí ó fi owó rà kò yanjú rẹ̀. Bí ó bá bá olóúnjẹ mẹ́wàá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí méje nínú wọn sì na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ó ti mọ irú ọṣẹ tí ó yẹ kí òun ṣe, kí ó tó ra ohun èlò kan.

(3) Gbígbọ́. Etí méjì ni a ní, ẹnu kan ṣoṣo ni. Jẹ́ kí ẹnìkejì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ìbéèrè rẹ tí ó tẹ̀lé e ti inú ìdáhùn rẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́bìnrin wa ti béèrè pé, "Kí ni ẹ wá ṣe sí i?" Ẹni tí ó ti to ìbéèrè mẹ́wàá sínú, tí ó sì ń kà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí agbẹjọ́rò, kò gbọ́ ohun tí a wí.

(4) Sísọ ti ara ẹni. Nígbà tí a bá bi ọ́ pé, "Kí ni ìwọ ń ṣe?" gbólóhùn mẹ́ta tó: orúkọ rẹ, iṣẹ́ tí o ń ṣe àti àwọn tí o ń ṣe é fún, àti ibi tí a ti lè rí ọ. "Adéọlá ni mí. Mo ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọdé, mo sì máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí a ó fi tú u bí ọmọ bá ga sí i. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà." Kí o dákẹ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ sí i, wọn ó béèrè.

(5) Ìdágbére. Dúpẹ́, kí o sì lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì dùn. Bí o bá tún rí ẹni náà, pe orúkọ rẹ̀, kí o sì béèrè ohun tí ó sọ fún ọ tẹ́lẹ̀: "Màmá, ọwọ́ yín ńkọ́?" Láti ìgbà náà lọ, ẹ kì í ṣe àjèjì sí ara yín mọ́.

VI. OHUN TÍ A GBỌDỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Àwọn gbájúẹ̀ pọ̀ ní ìgbà tiwa yìí, àwọn ènìyàn kò sì jẹ̀bi bí wọ́n bá ń wo àjèjì tìfura-tìfura. Nítorí náà, ní gbangba ni kí o ti bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ gan-an ni kí o sọ. Má sì ṣe béèrè owó, àdírẹ́sì ilé, tàbí nọ́ńbà fóònù ní ìpàdé àkọ́kọ́. Fún un ní tìrẹ, kí ó lè wá ọ nígbà tí ó bá fẹ́. Bí ó bá dá ọ lóhùn ní ṣókí lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ̀ ẹ́ tàbí kò fẹ́ ọ̀rọ̀. Kí i, kí o sì fi í sílẹ̀. Kò bú ọ, kò sì kọ ọjà rẹ títí láé.

Má ṣe yin ènìyàn lẹ́yìn fún ohun tí kò ní, má sì ṣe ṣèlérí ohun tí o kò lè ṣe. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Irọ́ kan tí a pa fún àjèjì lónìí yóò ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́la.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní láti máa ṣe ìdánrawò yìí ní ibi tí èrò wà, ní ojúmọmọ, kí wọ́n sì ní ẹlẹgbẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti àwọn ọmọ kéékèèké. Ìkìlọ̀ tí a ń ṣe fún wọn pé kí wọ́n má bá ẹni tí wọn kò mọ̀ lọ sí ibikíbi ṣì dúró síbẹ̀.

VII. ÌDÁNRAWÒ FÚN Ọ̀SẸ̀ MẸ́RIN

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Kí ènìyàn márùn-ún tí o kò mọ̀ lójoojúmọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú ìkíni tí ó bá ohun tí ó ń ṣe mu. Má ṣe fi ohun mìíràn kún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Lẹ́yìn ìkíni, bi ẹnìkan ní ìbéèrè kan lóòjọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: Bi ẹnìkan ní ìbéèrè mẹ́ta lóòjọ́, kí èkejì àti ẹ̀kẹta ti inú ìdáhùn rẹ̀ jáde. Kọ ohun titun tí o gbọ́ sínú ìwé ní alẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Fi gbólóhùn mẹ́ta sọ iṣẹ́ rẹ fún ẹnìkan lóòjọ́, nígbà tí ó bá bi ọ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ka ìwé rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o sì yan ohun kan tí ìwọ yóò yí padà nínú òwò rẹ nítorí ohun tí o gbọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè pín kíláàsì sí méjì-méjì, kí ọ̀kan ṣe oníṣòwò, kí èkejì ṣe ẹni tí ń kọjá lọ, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò. Lẹ́yìn náà ni kí a mú àwọn àgbà nínú wọn lọ sí ọjà. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín ẹni tí ó kólòlò. Ẹni tí ó kólòlò ní ìgbà márùn-ún tí kò sì dẹ́kun, ó ti ṣe ju ẹni tí kò la ẹnu rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àjèjì lè sọ fún wa nípa ọjà wa tí ẹbí kò ní sọ?

2. Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ọdún 1973, ta ni ó sábà máa ń mú ìròyìn iṣẹ́ wá? Kí ni ìdí rẹ̀?

3. Kí ni àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní Chicago rò ṣáájú, kí ni wọ́n sì rí?

4. Kí ni Òṣómàáló ní láti mọ̀ kí ó tó gbé aṣọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí?

5. Èéṣe tí "Kí ni ẹ wá ṣe sí i?" fi dára ju "Ṣé ẹ ó rà á?" lọ?

6. Ní àdúgbò rẹ, ta ni ó ń kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ lójoojúmọ́ tí o kò kí rí? Kí i ní ọ̀la.